Ìṣirò Ojú Tíṣà

Tíṣà kì í pẹ́ kó tó sọ fún èèyàn pé òun nìkan ló ń kọ́ adití ní ìṣirò tí wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá jọ wọkọ̀, kẹ́ ẹ tó dé ibùdókọ̀ kejì, ó ti sọ ọ́. Bó bá lọ kí ẹni tó bímọ, orí ọmọ tuntun ni yóò ti sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló ti lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan, nínú yàrá kan ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ọ̀gá-àgbà ní kò sídìí tí wọ́n fi máa wá ibi tó dákẹ́ fún àwọn adití, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ibi ló dákẹ́ létí wọn. Tíṣà rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ náà, ó sì ń tún àwàdà yẹn sọ káàkiri. Ibẹ̀ ló yẹ kí èèyàn ti fura sí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Tíṣà kì í ṣe òǹrorò. Kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í pa iṣẹ́ jẹ, ó mọ ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kọ́ èdè ọwọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún yàrá yẹn bí ẹni ń sá fún òjò. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ náà bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn dígí tó ń fi hàn án pé ó lẹ́wà.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn kò ní wàhálà nínú. Yóò kọ ìbéèrè sára pátákó, yóò fi ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀ wàràwàrà, yóò wá to nọ́ḿbà márùn-ún sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá pè yóò jáde síwájú, yóò máa fi ìka tọ àwọn nọ́ḿbà náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dá ìka dúró lórí èyí tó jẹ́ ìdáhùn. Bí ìdánwò tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún ṣe rí náà nìyẹn: ìbéèrè kan, ìdáhùn márùn-ún, mú ọ̀kan. Tíṣà a máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, a sì kọjú sí ọmọ náà gan-an, torí wọ́n kọ́ ọ pé ẹni tó bá kẹ̀yìn sí adití ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí. Ó ní àwọn òbí tí kò gbọ́ èdè ọmọ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ bá ọmọ ṣe nílé?

Ìdánwò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé máa ń gba adití kan ṣoṣo lọ́dún, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ibùsùn àti oúnjẹ, ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà ló sì ń fa ọmọ náà kalẹ̀. Ọmọ tó bá wọlé yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sórí ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ sórí ilẹ̀. Yóò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi lé aládùúgbò lọ́wọ́ bí ẹrù mọ́. Àwọn tó kù, tí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàrá ìránṣọ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa ṣẹ́ etí kọ́tìnnì títí ẹnì kan yóò fi wá mú wọn lọ sílé, àwọn mìíràn ò sì ní ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Tíṣà ti fi ránṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yege, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì padà wálé kí ọdún tó yí po. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn ló ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Tíṣà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì bú gbogbo ayé pé ìkà ni wọ́n.

Lọ́dún yìí, Kíá ló kàn. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíá, torí ìka rẹ̀ kì í lọ́ra lórí pátákó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò tíì gbọ́ ìró kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Yóò rìn jáde tẹ̀ríntẹ̀rín, ìka rẹ̀ á kọjá lórí nọ́ḿbà kìíní, ìkejì, ìkẹta, á sì dúró gbọn-in sórí èyí tó yẹ. Tíṣà á wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á máa gbọ̀n wọ́n lójú afẹ́fẹ́, èyí tó jẹ́ àtẹ́wọ́ àwọn adití. Onídìrí ni ìyá Kíá. Ó ń dirun fún Tíṣà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láìgba nǹkan kan, yóò sì fi lẹ́ẹ̀dì dúdú fa irun òkè ojú rẹ̀ kó lè hàn dáadáa. Orúkọ tí àwọn ọmọ náà fún Tíṣà ní èdè ọwọ́ tiwọn ni ìka kan lórí irun òkè ojú. Inú Tíṣà dùn sí i. Ó rò pé ẹwà òun ni wọ́n ń yìn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bà á lọ́kàn jẹ́ nínú àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó ń kọ́. Ìgbín ni Tíṣà sọ ìyẹn. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, etí òsì rẹ̀ ṣì ń gbọ́ díẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ ìjà ará ilé kejì. Bí wọ́n bá pe Ìgbín síwájú pátákó, gbogbo kíláàsì á fẹ̀yìn tì. Kì í wo ẹnikẹ́ni. Yóò tẹjú mọ́ ìbéèrè, yóò ka ìka, yóò fi ẹfun fa ilà wẹ́ẹ́rẹ́ sí igun pátákó, yóò nù ún, yóò tún fà á. Nígbà mìíràn ó máa ń gbà á, nígbà mìíràn ó máa ń ṣì í. Tíṣà kì í dúró kó parí. Á fi rúlà kàn án lórí, á ní kó lọ jókòó, á wá pe Kíá kó wá fi hàn án bí èèyàn ṣe ń ronú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àmọ́ Tíṣà kì í ṣe ẹni tó lè dúró nídìí igi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí ìdánwò nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Tíṣà. Ojú náà pọ́n bí ata, ó ń ṣomi, ó wú. Dókítà ní kó jókòó sílé, ó ní rárá, ta ló máa bá òun kọ́ wọn? Ó ra awò dúdú kan tó fẹ̀ débi pé ó bo ojú rẹ̀ láti òkè irun ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fi ìnujú bo imú àti ẹnu kí àìsàn náà má baà ran àwọn ọmọ, ó sì wọ kíláàsì.

Mẹ́jọ lọ́nà méje ló kọ́kọ́ kọ, ohun tí wọ́n ti ṣe ní ìgbà àìmọye. Ó to nọ́ḿbà sábẹ́ rẹ̀, ó sì pe Kíá. Kíá jáde tẹ̀ríntẹ̀rín bó ṣe máa ń ṣe. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ḿbà kìíní, ó wo Tíṣà, kò rí nǹkan kan ju ojú ara rẹ̀ méjì lọ nínú awò dúdú. Ó bọ́ sórí ìkejì, ó tún wò. Ó lọ dé ìparí, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn fi ìka sórí ọ̀kan níbẹ̀, ó sì ń wolẹ̀. Kì í ṣe òun ni ìdáhùn.

Tíṣà pe ẹlòmíràn. Ìyẹn náà rìn títí, kò rí ibi dúró. Ó pe ìkẹta, ó pe ìkẹrin. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n jọ dìtẹ̀ láti fi òun ṣeré ni, ó sì fi rúlà lu tábìlì, bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó kan Ìgbín, ó dìde, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó fa ilà mẹ́jọ, ó tún fa mẹ́jọ, títí ó fi ṣe é lẹ́ẹ̀méje. Ó kà wọ́n. Ó fi ìka sórí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Tíṣà fún un ní ìbéèrè mẹ́ta mìíràn, ó sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, awò dúdú tàbí kò sí awò dúdú.

Òtútù wá mú Tíṣà nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà ìsinmi, ó ní kí àwọn tó kù jáde, ó sì dá Kíá dúró. Ó bọ́ awò, ó sọ ìnujú kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Ó kọ mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà, ó to nọ́ḿbà márùn-ún sílẹ̀, ìdáhùn tòótọ́ sì wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka ọmọ náà dé orí márùndínláàádọ́ta, tí kì í ṣe ìdáhùn rárá, Tíṣà gbé irun òkè ojú sókè díẹ̀, ó sì fa èémí sínú. Ìka Kíá dúró gbọn-in. Ayọ̀ bo ojú ọmọ náà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n fún ara rẹ̀.

Tíṣà nu pátákó. Ó kọ méjì àti méjì. Ó tún gbé ojú sókè nígbà tí ìka dé orí méje, Kíá sì dúró lórí méje pẹ̀lú ayọ̀ kan náà.

Ó fi ọwọ́ bi í báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè náà ya Kíá lẹ́nu. Ó dáhùn bí ẹni ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bi mí, mo sì wò yín. Ojú yín ni ìṣirò wà. Tí mo bá ti dé ibẹ̀, ojú yín máa ń là."

A máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, a ó sì bá tiwa lọ. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn kan rí, ojú nìkan ló ti rí ọ̀rọ̀ kà láti kékeré. Ojú ìyá rẹ̀ ló fi mọ̀ pé iná gbóná. Ojú awakọ̀ ló fi ń mọ ìgbà tó lè kọjá títì. Nígbà tí Tíṣà wá dúró síwájú rẹ̀, tó béèrè nǹkan, tí ìdáhùn sì jáde wá sójú Tíṣà fúnra rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ó rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìṣirò nìyẹn. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dénú.

Nígbà tí Tíṣà délé, tó ń kán oògùn sójú, ọ̀rọ̀ Ìgbín sọ sí i lọ́kàn. Ní ọdún tí wọ́n mú ọmọ náà wá, ó ń wo ojú Tíṣà bíi ti àwọn yòókù. Ọjọ́ kan inú Tíṣà kò dùn, ó gbá a létí, ó sì pariwo mọ́ ọn pé, "Kí lò ń wò lójú mi? Ṣé ojú mi ni wọ́n kọ ìdáhùn sí?" Nínú gbogbo kíláàsì, etí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lè gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìgbín kò ti wojú rẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó mọ ìṣirò nínú yàrá yẹn, ìfọ́tí ló kọ́ ọ.

Ó sì rántí àwọn mẹ́ta tó padà wálé. Òfin ìdánwò náà ni pé kí olùkọ́ adití jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, kó máa fi ọwọ́ túmọ̀ ìbéèrè fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà ti jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí ọmọ, ojú rẹ̀ sì ń là. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín débi tí wọ́n fi sá wálé. Wọ́n kàn débi tí ojú rẹ̀ kò sí ni. Ọ̀kan nínú wọn ń lọ aṣọ ní ilé alágbàfọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ilé Tíṣà, ojoojúmọ́ ló sì ń fi ìka kan irun òkè ojú kí i.

Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó sunkún, kẹ́ ẹ má baà rò pé òkúta ni. Ó pinnu pé lówùúrọ̀ òun á lọ bá Ọ̀gá-àgbà, òun á ní kó yọ orúkọ Kíá, kó fi ti Ìgbín síbẹ̀.

Ọ̀gá-àgbà ń fi aṣọ nu férémù àwòrán kan nígbà tó wọlé. Ó kí i tayọ̀tayọ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ránṣẹ́ pè é ni. Àwọn alábòójútó ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé, wọ́n fẹ́ fi Tíṣà ṣe olùkọ́ tó tayọ jù lọ lọ́dún yìí. Férémù yẹn, àwòrán Tíṣà àti Kíá níwájú pátákó ló máa wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn níbi tí gbogbo àlejò á ti rí i. Ó gbé e sókè kí Tíṣà lè wo bó ṣe tóbi tó. Tíṣà wo férémù òfìfo náà títí.

"Ojú yín kò dáa o, Tíṣà," Ọ̀gá-àgbà wí. "Ṣé kò sí wàhálà? Àbí ẹ fẹ́ yí orúkọ ọmọ yẹn padà ni? Àyè ṣì wà títí di ọjọ́ Ẹtì."

"Rárá o, sà," Tíṣà dáhùn. "Mo kàn ní kí n yà kí yín ni."

Bó ṣe ta Ìgbín, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, nìyẹn. Kò gbà ju kí èèyàn mí èémí kan lọ.

Ó gbìyànjú láti fi ọjọ́ tó kù kọ́ Kíá ní ìṣirò tòótọ́. Ó tún fi awò bojú, ó bo ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rò pé ọmọ náà dé. Kò sí níbẹ̀. Ó sún sẹ́yìn sí ìlọ́po, kò sí níbẹ̀. Ó sún sẹ́yìn sí àròpọ̀. Ó to ìdérí ìgò mẹ́fà sórí tábìlì, ó mú méjì kúrò, ó béèrè mélòó ló kù, Kíá kò tilẹ̀ wo tábìlì. Awò dúdú ló ń wò, ó sì na ọwọ́ láti bá a bọ́ ọ. Tíṣà gbá ọwọ́ náà dànù. Ọmọ náà bú sẹ́kún, torí ó gbà pé Tíṣà bínú sí òun ló ṣe gbé ojú pamọ́. Ọjọ́ méjì péré ni Tíṣà fi ṣe é. Ó ní ohun tí ọdún mẹ́fà bà jẹ́, ọjọ́ méje ò lè tún un ṣe, ó sì fi í sílẹ̀.

Ohun tó wá kù ni kó ronú bí yóò ṣe jókòó síwájú ọmọ náà lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ gbọ́ bó ṣe rò ó. Bí òun bá jẹ́ kí ojú òun sọ̀rọ̀, ìrẹ́jẹ nìyẹn, òun kì í sì í ṣe oníjìbìtì. Yàtọ̀ síyẹn, bí ọmọ náà bá wọlé, yóò padà wálé bíi ti àwọn mẹ́ta yẹn, ẹnì kan sì lè béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n bó bá kùnà níbẹ̀, ó ti kùnà náà nìyẹn. Ọkàn ọmọ já, ara ọmọ ò yá, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ojúlówó olùkọ́ ni yóò jókòó, ojú rẹ̀ á dákẹ́, ohun tí ọmọ bá mọ̀ ni kó kọ. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ṣe di olóòótọ́ ní ọdún kẹrìnlá iṣẹ́ rẹ̀. Alaalẹ́ ló ń dúró síwájú dígí, tó ń ka nọ́ḿbà, tó sì ń kọ́ ojú rẹ̀ láti má ṣe mira.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ojú rẹ̀ ti sàn. Ìyá Kíá ti bá a dirun, ó sì ti fa irun òkè ojú rẹ̀ fún un. Ìyá náà rán aṣọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, ó sì bá wọn dé ẹnu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, tábìlì wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn tẹ̀ ba sórí ìwé wọn. Wọ́n fi Kíá sí iwájú, Tíṣà sì jókòó ní òdìkejì tábìlì. Inú Kíá dùn nígbà tó rí i pé kò sí awò dúdú. Tíṣà fi ọwọ́ túmọ̀ ìbéèrè kìíní. Kíá gbé ìka sórí ìdáhùn àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè. Kò sí nǹkan kan. Ó bọ́ sórí ìkejì. Kò sí nǹkan kan. Ó lọ dé ìkarùn-ún, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré bojúbojú, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí Tíṣà má baà fò ó.

Ojú Tíṣà dà bí ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ìbéèrè kẹfà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Kíá. Ó fi ìka kan irun òkè ojú, ó ń pe orúkọ Tíṣà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wò wọ́n, ó bi Tíṣà kí ni ọmọ náà fẹ́, Tíṣà ní kò fẹ́ nǹkan kan. Omi ń já bọ́ lójú Kíá sórí ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsù kun ibikíbi tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, ó sì ń wo ojú yẹn síbẹ̀, lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, títí dé ogójì. Tíṣà kò mira. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé òun lè ṣe é.

Kíá gba méje nínú ogójì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá-àgbà ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí ọmọ tó gbọ́n jù nínú wọn bá lè gba méje, ó ní, a jẹ́ pé ìṣirò kì í ṣe nǹkan adití, gbogbo wa la sì ti ń tan ara wa. Àyè ọ̀fẹ́ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ó ní kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kó lọ sí yàrá ìránṣọ lẹ́yìn ìsinmi, kí Tíṣà sì bọ́ sí kíláàsì àwọn tó ń gbọ́ràn, ó ti ṣe tó. Oyè olùkọ́ náà ṣì dúró. Wọ́n kàn yí àwòrán padà sí ti Tíṣà nìkan.

Wọ́n ti jẹ́ kí Tíṣà mú ìwé ìbéèrè bọ̀ láti ìdánwò, ó sì gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì kíláàsì. Ìgbín ló rí i. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é, ó fa ilà sí etí gbogbo ojú ìwé. Ó mú un wá bá Tíṣà níbi tó ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìdúró. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọmọ náà gbà nínú ogójì. Ó dúró, ó ń wolẹ̀, ó ń retí rúlà.

"Ṣé mo gbà á?" Ìgbín béèrè, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó wúwo yẹn.

"Àṣìṣe ti pọ̀ jù níbẹ̀," Tíṣà wí sí etí òsì rẹ̀, ó sì ya ìwé náà sí méjì, ó yà á sí mẹ́rin. Ìgbín bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn ègé náà. Ó ní òun á lọ wá ibi tí òun ti ṣì í, ó sì dúpẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ìrọ̀lẹ́, onídìrí mú ọmọ rẹ̀ wá sílé Tíṣà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó sì fi ọwọ́ ti Kíá lórí títí òun náà fi kúnlẹ̀. Ojú ìyá náà ti wú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Kíá, gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ sì gbọ́ nínú èdè ọwọ́ kò ju "wá", "jẹun" àti "jáwọ́" lọ. Ìyókù, Tíṣà ló máa ń túmọ̀ fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ìyá náà wí. "Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ ṣe lórí ọmọ yìí, wẹ́rẹ́ ló já yín kulẹ̀. Nítorí tiẹ̀ ni wọ́n ṣe ti kíláàsì pa. Mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò yín."

Tíṣà ní kó dìde, kò dìde. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìyá yìí kò mọ̀ pé ẹni tí òun ń bẹ̀ gan-an ló gbé ata dání. Ibì kan wà nínú ọkàn Tíṣà tó sọ fún un pé kó sọ ọ́ nísinsìnyí, pé àwọn mẹ́ta péré ló wà nínú pálọ̀ náà, pé kò tíì pẹ́ jù. Ó la ẹnu. Kíá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè láti orí ìkúnlẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan kó hàn, bí ẹni tó ti ń tò ó pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ní, "Ìṣirò kò sí lójú yín lọ́jọ́ yẹn. Mo wá a títí. Ẹ gbé e pamọ́ fún mi. Kí ni mo ṣe yín?"

Ìyá rẹ̀ ń wo ọwọ́ náà, kò gbọ́ ọ̀kankan. Ó yíjú sí Tíṣà.

"Kí ló wí?"

 Tíṣà wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ó ní òun ò kàwé ni," ó wí. "Ó ní eré ló gba òun lọ́kàn, kò tiẹ̀ fọkàn sí ohun tí mò ń kọ́ ọ. Ó ní kí n dárí ji òun."

Ìyá náà fọ́ ọ létí. Kì í ṣe ìfọ́tí kékeré. Ó tún fọ́ ọ ní apá kejì, ó sì ń sunkún bó ṣe ń ṣe é, ó ní òun tí òun kì í sùn, òun tí òun ń fi ẹsẹ̀ wúwú dúró sẹ́yìn orí èèyàn látàárọ̀ nítorí tirẹ̀. Tíṣà dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní kó má lu ọmọ mọ́, ó tó bẹ́ẹ̀, òun ti dárí jì í tọkàntọkàn. Ìyá náà dì mọ́ ẹsẹ̀ Tíṣà, ó ń dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run ló fi irú rẹ̀ ta àwọn lọ́rẹ.

Kíá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó gbé ojú sókè, ó sì ń wo ojú Tíṣà, ó ń wá ohun tí òun sọ tó burú tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.